Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yé ọmọ lóòótọ́, kì í ṣe pé ó kọ́ ọ sórí?

Tíṣà_Mọ̀kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà wa. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 níbí ní Mọ̀kọ́lá. A ti parí orí ìmọ́lẹ̀, díńgí, lẹ́ńsì, glass block, gbogbo rẹ̀. Mo fún wọn ní ìdánwò, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ẹni tí mo bá ní kó fi 1/f = 1/u + 1/v ṣírò, á ṣe é wéré (u ni bí nǹkan ṣe jìnnà sí lẹ́ńsì tó, v ni ti àwòrán rẹ̀, f ni focal length, ìyẹn bí ibi tí lẹ́ńsì ń kó ìmọ́lẹ̀ ọ̀nà jíjìn jọ sí ṣe jìnnà sí i tó). Ẹni tí mo bá ní kó sọ òfin reflection, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà, á kà á láìfọ̀kan sílẹ̀.

Mo wá gbé lẹ́ńsì kan àti àbẹ́là wọ kíláàsì. Àwòrán iná àbẹ́là hàn lára páálí funfun, ó dorí kodò. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo bi wọ́n pé: bí mo bá fi ìwé bo ìdajì lẹ́ńsì yìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwòrán yẹn? Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi dáhùn: “Ìdajì rẹ̀ máa lọ.” Ọmọ tó gba máàkì tó ga jù ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo bo ìdajì. Àwòrán pé pérépéré, ó kàn ṣe bàìbàì díẹ̀ ni. Ariwo ta!

Ìbéèrè mi ni pé, kí lẹ máa ń bi àwọn ọmọ tí ẹ fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wọ́n lára? Àwọn ọmọ inú kíláàsì mi lé ní ọgọ́ta, a ò ní láàbù tó dúró ire, WAEC sì ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ohun tó ti lò tó sì ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síbí.

BàbáTíṣà_ÒkèÀdó

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò tíì fẹ̀yìn tì nínú mi.

Kí ẹ tó dé ìdí lẹ́ńsì, ẹ padà sí ìpìlẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fi ṣí orí ìmọ́lẹ̀, òun náà ni mo fi ń pa á dé. Mo máa ya tábìlì sójú pátákó, mo á ya ìwé kan sórí rẹ̀, ọmọ kan tó jókòó tì í, àti gílóòbù kan lókè. Mo á wá ní: “Ẹ fi ọfà hàn mí bí ọmọ yìí ṣe ń rí ìwé yẹn.” Kò sí fọ́múlà, kò sí ìṣirò, kò sí ohun tí wọ́n máa jí wò nínú nóòtì.

Ẹ máa rí nǹkan. Àwọn kan á fa ọfà láti ojú ọmọ lọ bá ìwé, bí ẹni pé ojú ló ń na ọwọ́ mú ìwé. Àwọn kan á fà á láti gílóòbù sí ìwé, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Lójú tiwọn, bí iná bá ti tàn sára nǹkan, ọ̀rọ̀ ti parí, ojú kàn wà níbẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á fa méjì láti gílóòbù, ọ̀kan sí ìwé, ọ̀kan sí ojú, láìsí ohunkóhun láàárín ìwé àti ojú. Ẹni tó yé nìkan ló máa fà á láti gílóòbù sí ìwé, kó tó ti ara ìwé wọ ojú. Bí ẹ bá ti wo ọfà yẹn, ẹ ti mọ ibi tí ọmọ wà. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ara ìwé wá, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé gbogbo ojúkan lára iná àbẹ́là ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ara lẹ́ńsì? Ibẹ̀ ni “ìdajì rẹ̀ máa lọ” ti ń wá.

Ẹ má fi àwọn tó fa ọfà láti ojú ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ilẹ̀ Gíríìsì, Euclid àti Ptolemy, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà á, pé ìtànṣán ń jáde láti ojú lọ bá nǹkan. Ibn al-Haytham, ọmọ ìlú Basra, tó kọ ìwé rẹ̀ lórí ìríran ní Íjíbítì láàárín nǹkan bí ọdún 1011 sí 1021, ló já ọ̀rọ̀ náà ní koko. Lára ohun tó tọ́ka sí ni pé bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó le gan-an, ojú á máa ro ó. Bó bá jẹ́ ojú ló ń ju nǹkan síta, kí ló dé tí oòrùn fi ń pa á lára? Ẹ bi ọmọ tó fa ọfà láti ojú ní ìbéèrè yẹn, kí ẹ sì fún un láyè kó ronú.

Èyí tó tẹ̀ lé e: bí ẹ bá wọ yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kankan ò lè wọ̀ rárá, tí ẹ jókòó pẹ́ títí, ṣé ẹ máa rí ọwọ́ ara yín? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa á ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ojú á mọ́ òkùnkùn lára. Kò sí ẹ̀bi wọn. Òkùnkùn tí wọ́n mọ̀ kì í ṣe òkùnkùn pátápátá. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ìràwọ̀ ṣì wà lókè, gílóòbù aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀ sì ń yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ní kí ọmọ ṣàlàyé ìdí. Ìdí yẹn ni kí ẹ máàkì.

Àǹtí_Apẹ̀tẹ̀

Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà.

JSS1 àti JSS2 ni mò ń kọ́ ní Basic Science. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni òjìji. Ó jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ àṣírí máa ń tú níbẹ̀. Mo máa ń gbé ìgò omi kan sórí tábìlì, mo á ní kí ọmọ méjì di fóònù mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí wọ́n má tíì tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mo á bi kíláàsì pé: òjìji mélòó la máa rí? Ibo ni wọ́n máa bọ́ sí? Kí wọ́n yà á sínú ìwé kí iná tó tàn. Àwọn tó ka òjìji sí nǹkan tó ń ti ara ìgò jáde á ya ẹyọ kan. Àwọn tó mọ̀ pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé ni òjìji á ya méjì, kálukú lódìkejì tọ́ọ̀ṣì tó ni ín. Mo á tún wá bi wọ́n pé: bí a bá pa tọ́ọ̀ṣì apá ọ̀tún, òjìji wo ló máa lọ? Òjìji apá òsì ni. Ìbéèrè yẹn ló máa ń yọ àwọn tó kàn ń méfò sóde.

Ohun kejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi Yorùbá ṣàlàyé. Ọmọ tó kọ “Light travels in a straight line” sínú ìwé, ẹ ní kó sọ ọ́ bó ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ àgbà. Bó bá ní “ìmọ́lẹ̀ kì í yà lọ́nà fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri kò fi lè rí gílóòbù,” ó ti yé e nìyẹn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè wo ilẹ̀, gbólóhùn lásán ló gbé mì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò sì wà níbẹ̀. Ìdánwò ìparí lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ yé ọmọ, ká má lọ sọ ọ́ di ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún un.

Lẹ́sìn_ÌwóRoad

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára, àmọ́ ọmọ SS2 yìí ń lọ jókòó fún WASSCE. WAEC ò ní ní kó fi ọfà hàn bí ó ṣe ń rí ìwé. Ìṣirò ni wọ́n máa bi í, ray diagram ni, àti pírátíkà ní Paper 3. Òbí tó ń sanwó lẹ́sìn fún mi, A1 ló ń retí. Bí mo bá lo wákàtí kan lórí òjìji ìgò, ìgbà wo la máa ka past question tán? N ò sọ pé kò dára o. Àkókò ló ń lé wa.

BàbáTíṣà_ÒkèÀdó

Ọ̀gá Lẹ́sìn, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ ká mú pírátíkà tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an.

Glass block nìyí lórí ìwé funfun. Ọmọ ti fa ìlà yí i ká, ó ti gún pínnì P1 àti P2 sórí ìlà tó ń wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní òdìkejì, ó ń wá ibi tó máa gún P3 àti P4 sí kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè bọ́ sórí ìlà kan lójú rẹ̀. Ẹ lọ dúró tì í. Ẹ má bi í ní fọ́múlà. Ẹ bi í pé: kí ló dé tí o fi ń wo ìdí pínnì, tí o ò wo orí rẹ̀? Ẹni tó yé á ní pínnì lè má dúró ṣánṣán, orí rẹ̀ lè ti yẹ̀, ìdí rẹ̀ ló wà lójú ìlà gan-an. Kí ló dé tí P1 àti P2 ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ra jù? Nítorí pé bí wọ́n bá sún mọ́ra, àṣìṣe tíńtín máa yí ìlà náà kúrò lójú ọ̀nà gan-an. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé gbọn-ọn-gbọn lójú normal, ìyẹn ìlà tó dúró ṣánṣán sí ojú gíláàsì, ṣé ó ṣì ń dín eré kù nínú gíláàsì? Ó ń dín eré kù, kò kàn tẹ̀ ni. Ọmọ tó gbà pé níbi tí títẹ̀ ò bá ti sí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kò tíì mọ ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń tẹ̀.

Ẹ wá dé orí gíráàfù. Ó yẹ kó gbé sin i sórí ìlà òòró, sin r sórí ìlà ìbú (i ni igun tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé àti normal, r ni ti inú gíláàsì). Ó wá mú slope jáde, ó rí 0.67. Ṣé ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì lọ jókòó, àbí ó máa fura? Slope yẹn ni refractive index, iye tó ń sọ bí gíláàsì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó, gíláàsì tí à ń lò sì sábà máa ń fún wa ní nǹkan bí 1.5. 0.67 yẹn ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ sá fún normal nígbà tó wọ gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ìlà tí ọmọ fúnra rẹ̀ fà sórí ìwé ń fi hàn pé ó sún mọ́ ọn. Ó ti gbé orúkọ ìlà méjèèjì fún ara wọn nìyẹn. Ẹni tó bá rí i fúnra rẹ̀ ló mọ ohun tó ń ṣe. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, inú Paper 3 náà la sì wà.

Akẹ́kọ̀ọ́_UI

Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Físíìsì lẹ́ka ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ni mò ń kà ní UI, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdajì lẹ́ńsì. Fred Goldberg àti Lillian McDermott tẹ ìwádìí kan jáde ní 1987 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn kan náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ní ìdajì àwòrán máa lọ, títí kan àwọn tó ti ka orí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ yín ò gbọ́n. Ray diagram tí a máa ń yà, tó ní ìtànṣán méjì tàbí mẹ́ta péré, ló ń mú kí ọmọ rò pé ìtànṣán yẹn nìkan ló wà.

Fún kíláàsì tó kún, ìbéèrè alápá méjì ló máa gbà yín là. Apá kìíní, ọmọ á mú ìdáhùn. Apá kejì, á mú ìdí. David Treagust ní Ọsirélíà ló ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní 1988. Àpẹẹrẹ kan rèé tí ẹ lè kọ sójú pátákó:

Àbẹ́là wà níwájú lẹ́ńsì, àwòrán rẹ̀ hàn kedere lára páálí. A yọ lẹ́ńsì kúrò, a ò fọwọ́ kan àbẹ́là tàbí páálí. Kí la máa rí lára páálí?
(a) Àwòrán náà, àmọ́ kò ní dorí kodò mọ́.
(b) Àwòrán náà gan-an, á kàn ṣe bàìbàì.
(d) Kò ní sí àwòrán, páálí á kàn mọ́lẹ̀ yíká.
(e) Páálí á ṣókùnkùn biribiri.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀:
(1) Odindi àwòrán ló ń ti ara àbẹ́là lọ bá páálí, iṣẹ́ lẹ́ńsì kò ju kó dorí rẹ̀ kodò.
(2) Lẹ́ńsì ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ di púpọ̀.
(3) Ojúkan kọ̀ọ̀kan lára iná ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri, láìsí lẹ́ńsì kò sí ohun tó máa kó ti ojúkan kọ̀ọ̀kan jọ padà.
(4) Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ò lè dé ọ̀dọ̀ páálí láìsí lẹ́ńsì.

Ẹni tó mú d pẹ̀lú 3 ló yé. Ẹni tó mú d pẹ̀lú 2 méfò ni, ẹ má fún un ní máàkì. Ẹ wá fi ìlà kan sísàlẹ̀: “Ó dá mi lójú” tàbí “Kò dá mi lójú”. Ẹni tó ṣì í tí kò sì dá a lójú, ẹ̀kọ́ ló kù fún un. Ẹni tó ṣì í tó sì dá a lójú, ó ti ní èrò tirẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àfi kẹ́ ẹ fi nǹkan hàn án lójúkojú kó tó lè yí i padà.

Ohun pàtàkì kan: ẹ má fi orí ara yín hùmọ̀ àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè náà láìfún wọn ní ohun tí wọ́n máa mú nínú rẹ̀, ẹ kó ohun tí wọ́n bá kọ jọ, kí ẹ sì mú àwọn èyí tó ń jáde léraléra. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ló ń fa ọmọ mọ́ra.

Ìbéèrè tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ náà wà o. David Sokoloff àti Ronald Thornton ní èyí tí wọ́n ń pè ní Light and Optics Conceptual Evaluation, UNESCO sì ń lò ó nínú ètò ALOP tí wọ́n fi ń dá àwọn tíṣà físíìsì lẹ́kọ̀ọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Gánà lọ́dún 2004. Gbogbo rẹ̀ dá lórí kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, kó jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó tó rí i.

Tíṣà_Mọ̀kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an. Àbúrò UI, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ìdáhùn ọmọ ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láìtẹ ìwé? Owó fọtokọ́pì ti gun òkè àjà.

Akẹ́kọ̀ọ́_UI

Ẹ gé páálí sí kékeré, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́rin: a, b, d, e. Ẹ ka ìbéèrè, ẹ fún wọn láyè láti ronú, ẹ wá ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n gbé páálí wọn sókè síwájú àyà. Dídijú yẹn ṣe pàtàkì, torí gbogbo wọn ló máa wo ọwọ́ ọmọ tó mọ̀wé jù. Ẹ fojú kà á, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ síra, ẹ ní kí ẹni méjì méjì jọ jiyàn lé e lórí, kí wọ́n sì tún gbé páálí sókè. Eric Mazur ní Harvard ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká, ìwé rẹ̀ jáde ní 1997. Bí gbogbo kíláàsì bá ti gbà á látìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò, ẹ máa lọ sórí òmíràn.

Ìyá_Tẹ́lọ̀_Bódìjà

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ò kàwé físíìsì, iṣẹ́ tẹ́lọ̀ ni mò ń ṣe, àmọ́ ọmọ mi wà ní SS2, ó sì fi díńgí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe iṣẹ́ kan tí tíṣà rẹ̀ fún wọn. Ẹ lè fi kún tiyín.

Tíṣà ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: bó o bá dúró síwájú díńgí tí o ò rí ẹsẹ̀ rẹ, ṣé wàá rí i bó o bá fẹ̀yìn rìn? Ọmọ mi kọ “bẹ́ẹ̀ ni”. Èmi náà á ti sọ bẹ́ẹ̀, torí gbogbo kọ́sítọ́mà tó bá wọ aṣọ tuntun ló máa ń fẹ̀yìn rìn kó lè rí ìṣẹ́tí. A fi ìwé ìròyìn bo ìsàlẹ̀ díńgí títí ó fi ku ibi tó ti rí orúnkún rẹ̀ nìkan. Ó fẹ̀yìn rìn títí dé ẹnu ọ̀nà, orúnkún náà ló ń rí, kò rí jù bẹ́ẹ̀. Ó wá ń ṣí ìwé ìròyìn náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí bàtà rẹ̀. Nígbà tó wọn ibi tí kò sí ìwé, láti ibi tó ti rí irun orí dé ibi tó ti rí bàtà, ìdajì gíga rẹ̀ ni.

Àmọ́ ẹ kíyè sí i: díńgí náà ní láti lẹ̀ mọ́ ògiri ṣánṣán. Tèmi tẹ́lẹ̀, mo fi í ti ara ògiri ni, ìdí rẹ̀ wà níwájú, orí rẹ̀ wà lẹ́yìn. Bó bá wà báyẹn, kò ní rí bí mo ṣe wí, ọmọ á sì máa rò pé ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ ló tọ̀nà.

BàbáTíṣà_ÒkèÀdó

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ díńgí tó fara ti ògiri yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Tíṣà, ẹ fi nọ́ńbà dán wọn wò lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tó ga ní 160 cm, tí ojú rẹ̀ wà ní 150 cm sí ilẹ̀, ibo ni ìsàlẹ̀ díńgí gbọ́dọ̀ dé, ibo ni òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé? 75 cm àti 155 cm, gígùn díńgí sì jẹ́ 80 cm. Jíjìnnà ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá béèrè pé “sà, báwo ló ṣe jìnnà sí díńgí tó?” kò tíì yé e.

DókítàOjú_Dùgbẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Ìtọ́jú ojú ni iṣẹ́ mi. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ.

Kí ẹ tó ní ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ò yé ọmọ kan, ẹ wò ó bóyá ó ń rí ojú pátákó. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ohun tí ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ni wọ́n ń dà kọ, torí wọn ò rí nǹkan láti ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ gbé e síwájú, kí ẹ sì ní kí òbí rẹ̀ mú un lọ ṣàyẹ̀wò ojú.

Ní ti lẹ́ńsì, ẹ má dúró de láàbù. Awò ìkàwé tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà, lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ni. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára ni agbára rẹ̀. Ẹ fi í pín 100, ẹ ti rí focal length rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà: +2.00 jẹ́ 50 cm, +4.00 jẹ́ 25 cm. Ẹ pa iná yàrá, ẹ dúró síbi ògiri tó kọjú sí fèrèsé, kí ẹ gbé awò náà síwájú ògiri, ẹ sún un síwá sẹ́yìn. Bí mo bá ṣe é níbí lọ́sàn-án, Cocoa House ló ń jáde lára ògiri, kékeré, ó dorí kodò, àwọn fèrèsé rẹ̀ hàn. Àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn wá sílé ìwòsàn wa kì í fẹ́ lọ mọ́.

Ìbéèrè tó dára gan-an wà níbẹ̀: nínú +2.00 àti +4.00, èwo ló máa fún wa ní àwòrán Cocoa House tó tóbi jù lára ògiri? Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló máa ní +4.00, torí òun ló “lágbára”. +2.00 ni. Àwòrán rẹ̀ ga ní ìlọ́po méjì ti +4.00, torí pé ó jìnnà sí lẹ́ńsì ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá yà á ló máa rí i, ẹni tó kọ́ fọ́múlà sórí nìkan ò ní rí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ jọ̀ọ́ mo bẹ̀ yín: kí ọmọ kankan má fi lẹ́ńsì wo oòrùn, kí wọ́n má sì tan iná laser sójú ara wọn. Ohun tó bá bà jẹ́ lẹ́yìn ẹyinjú, oògùn kankan kì í tún un ṣe.

Lẹ́sìn_ÌwóRoad

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbìyànjú nǹkan kan pẹ̀lú past question tí mo ń lò. Mi ò yọ ọ́ sílẹ̀, mo kàn fi ìbéèrè kan síwájú ìṣirò. Díńgí concave, èyí tí ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tí focal length rẹ̀ jẹ́ 15 cm, nǹkan wà níwájú rẹ̀ ní 10 cm. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kalikuléètọ̀, ẹ kọ ọ́: ṣé àwòrán máa dúró ṣánṣán tàbí á dorí kodò? Ṣé ó máa tóbi sí i? Ṣé a lè gbà á sára páálí? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣírò.

Ìṣirò fún wa ní v = −30 cm, àwòrán sì tóbi ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn kan rí −30, wọ́n ní sign ò ṣe nǹkan kan, wọ́n kọ pé real image ni, ìyẹn àwòrán tó ṣeé gbà sára páálí. Àwọn yẹn ló máa ń gba máàkì tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ mi, torí iye tó jáde nìkan ni mò ń wò. Kò tiẹ̀ jẹ àkókò tó bí mo ṣe rò.

Ọmọ_Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ má gbàgbé omi. Ọmọrí ìgò nínú abọ́ tánganran, kí ọmọ fẹ̀yìn rìn títí etí abọ́ á fi bò ó mọ́ ọn lójú, kí ẹlòmíràn wá rọra bu omi sínú abọ́. Ọmọrí á yọ. Gbogbo wọn ló máa pariwo, àmọ́ ariwo kì í ṣe òye. Ẹ ní kí wọ́n ya ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà láti ara ọmọrí dé ojú. Ọ̀pọ̀ á mú kó tẹ̀ sọ́dọ̀ normal bó ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló ń sá fún un.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn ọmọ àdúgbò wa nìyí: bí ẹ bá dúró lórí nǹkan tí ẹ wo ìsàlẹ̀ omi tó mọ́ ní ọ̀gangan, tó jọ pé ó jìn ní 150 cm, báwo ló ṣe jìn tó gan-an? 200 cm ni, torí refractive index omi jẹ́ nǹkan bí 4/3. Ọmọ tí omi yẹn mù dé àyà lójú, ó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, a wà létí odò.

Àǹtí_Apẹ̀tẹ̀

Ti àwọ̀ ló kù. Láílọ́ọ̀nù pupa lójú tọ́ọ̀ṣì, yàrá tó ṣókùnkùn, ewé ẹ̀fọ́ tútù lórí tábìlì. Àwọ̀ wo la máa rí? Wọ́n á ní ewé tútù ṣì ni, tàbí pé á pọ́n. Dúdú ló máa jọ. Bákan náà, ọmọ tó gbà pé prism, gíláàsì onígun mẹ́ta, ló ń fi àwọ̀ kún ìmọ́lẹ̀ funfun, ẹ bi í: bí a bá mú pupa nìkan gba inú prism kejì, kí ló máa jáde? Pupa náà ni. Newton ti kọ ọ́ jáde láti 1672.

Tíṣà_Mọ̀kọ́lá

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti pinnu. Ìbéèrè ọfà Bàbá ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí n tó padà sórí lẹ́ńsì pẹ̀lú páálí a, b, d, e. Báwo ni kí n ṣe máàkì rẹ̀ kó lè wọ ìwé C.A., máàkì iṣẹ́ inú kíláàsì?

BàbáTíṣà_ÒkèÀdó

Ẹ fi máàkì márùn-ún sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: méjì fún àwòrán tí ọmọ yà, mẹ́ta fún ìdí tó sọ. Ohun tó sọ pé ó máa ṣẹlẹ̀, ẹ má fi máàkì kankan sí i. Bí máàkì bá ti wà níbẹ̀, wọn ò ní sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn mọ́, wọ́n á máa dúró de ọmọ tó mọ̀wé kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Kí ẹ sì tún bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Èrò àtijọ́ máa ń padà wá.

DókítàOjú_Dùgbẹ̀

Tíṣà, lẹ́ńsì tí a ti yọ nínú férémù àtijọ́ wà lọ́dọ̀ wa, +2.00 àti +4.00 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wá mú u kó tó di ọjọ́ Ajé. Ẹ mú aṣọ rírọ̀ dání tí ẹ máa fi wé e, kó má baà ha.